Ohun Tí Fermín Kọ Sínú Idẹ

"Rọra o, ọmọ mi. Iná yẹn dàgbà jù ọ́ lọ," ni Mama Eduviges wí, ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

Oníṣẹ́ iná ń pààrọ̀ gílóòbù iná idẹ tó so mọ́ àjà. Lóṣù tó kọjá, ó ní òun fẹ́ tún wáyà iná idẹ náà ṣe. Ó gbé e lọ, ó tà á fún oníṣòwò ohun àtijọ́ kan ní ìlú Guadalajara, ó sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀.

"Fermín ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́ nígbà tá a kọ́ ilé olórùlé pẹrẹsẹ yìí, lọ́dún 1954. Òní làwọn òkú ń bọ̀ wálé. Iná yẹn ló máa fi mọ̀ pé ilé òun nìyí."

Fọ́tò ọkọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, láàárín òdòdó pupa rúsúrúsú àti búrẹ́dì tí wọ́n ṣe de àwọn òkú.

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Bá mi ka ohun tó kọ sínú idẹ yẹn."

Oníṣẹ́ iná yọjú wo inú rẹ̀. Ó ń dán gbinrin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Orúkọ yín ni, Mama. Ó kọ ọ́ dáadáa: 'Eduviges mi.'"

Màmá fi àkàbà sílẹ̀, ó lọ fa àga kan sún mọ́ fọ́tò náà.

"Fermín ò mọ̀wé kọ, ọmọ mi. Ẹyẹlé ló yà síbẹ̀." Ó fọwọ́ gbá àga náà. "Sọ̀kalẹ̀ wá jókòó. Bó bá dé, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún un."