Onílẹ̀ Kilbrae

"Lọ́ọ̀dù wa ti dé!" Nọ́ọ̀sì ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ṣílẹ̀kùn fún bàbá onílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Lọ́ọ̀dù kẹ̀? N ò joyè kankan. Ní Skọ́tílándì níbí, orúkọ ilẹ̀ la fi ń pe onílẹ̀. Ẹni tó bá ra Kilbrae ló ń jẹ́ Kilbrae."

Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti rá. Kilbrae nìkan ni orúkọ tó ṣì rántí. Nítorí ìtọ́jú rẹ̀ ni bàbá ṣe ta ilẹ̀ náà lánàá.

Ẹni tó rà á wọlé wá kí wọn, òdòdó lọ́wọ́. "Ẹ kú ìnira, mà. Èmi ni Kilbrae."

Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Olówó orí mi! O mà pẹ́ o."

Ó yíjú sí bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde, kí ọkọ mi ríbi jókòó."