Ológbò Rí Ẹja Nínú Odò

Àlọ́ mi rìn títí, ó bá Ológbò létí odò. Ebi ń pa á, ó sì rí àrọ̀ kan nínú omi.

"Omi yìí ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ," ni Ológbò wí.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá ń jáde látinú omi. Ẹja yẹn jìn ju bí ẹ ṣe ń rí i lọ."

"Ṣé ojú mi tó ń rí eku nínú òkùnkùn ni yóò parọ́?"

Ọ̀pọ̀lọ́ forin bẹ̀ ẹ́:

Ológbò, ẹ má bẹ́ o,
*Tẹ́rẹ́ńtẹ̀!*
Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ o,
*Tẹ́rẹ́ńtẹ̀!*

Ológbò bẹ́ sómi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó mumi yó kó tó rí gbòǹgbò dì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja dà?"

Ológbò gbọnra, ó ní ìwẹ̀ lòun wá wẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ahọ́n ló fi ń wẹ̀.