Ohùn Àárín Tí Mo-Ti-Mọ̀ Pa

Àìnísùúrù ni àléébù péńtà kan báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, yóò ti ní, "Mo ti mọ̀." Bó ṣe di Mo-Ti-Mọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ pé àtigbọ́ nǹkan parí máa ń tètè sú u.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ló sọ òrùka wúrà nù. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fi òrùka náà sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó ń tu koríko lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tó máa fi fọwọ́, ìka ti ṣófo. Òun, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà ló jọ ń gbé. Ìyàwó yìí, tó lóyún oṣù márùn-ún, ló máa ń bá a fọ òrùka náà ní Sátidé. Màmá, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n yìí nínú ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó náà ní ìwòkuwò, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀sùn kàn án. Ó ní kí wọ́n wá ilẹ̀ náà dáadáa ná.

Mo-Ti-Mọ̀ gba ilé Baba Oníréédíò lọ. Ogójì ọdún ni arúgbó yìí fi tún rédíò ṣe kó tó máa fi ẹ̀rọ wá ohun tó sọnù sábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà gùn bí igi mọ́ọ̀pù, ó ní abọ́ pẹlẹbẹ nídìí, ó sì ní íapíìsì tí èèyàn ń kì sí etí.

"Ohùn mẹ́ta ló ní," ni baba wí. "Ìṣó àti irin tó dípẹtà a máa ké nísàlẹ̀. Fàdákà àti bàbà a máa ké lókè. Ti àárín yìí ni wàhálà. Òrùka wúrà àti etí agolo ohun mímu tí wọ́n ń fà ṣí, ohùn kan náà ni wọ́n…"

"Mo ti mọ̀, Baba."

"O ò tíì mọ̀. Bí ohùn kan bá ń dà ọ́ láàmú, yí bọ́tìnì yìí, kó o mú un rọlẹ̀ títí yóò fi tu etí rẹ lára. Má pa á o. Mo ti ri ìṣó, ṣíbí àti etí agolo mọ́ ẹ̀yìnkùlé mi. Wá fi oṣù kan dijú gbọ́ wọn. Ǹ bá tẹ̀ lé ọ lọ, orúnkún mi ni ò gbà mí."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wá. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò rí oorun sùn, kí baba jọ̀ọ́ yá òun ní ẹ̀rọ. Baba mí kanlẹ̀. "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," ó wí, ó sì gbé e fún un.

Àṣé àwọn ọ̀mùtí ló ń jókòó sórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mo-Ti-Mọ̀ hú etí agolo méjìlélógójì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti fi gbogbo òwúrọ̀ kun àjà ilé onílé, ó tún hú mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọrùn ń ro ó. Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó pa ohùn àárín pátápátá. Ilẹ̀ dákẹ́, ara tù ú. Láàárín wákàtí kan ó ti wá gbogbo ilẹ̀ náà tán.

Màmá àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ká aṣọ nígbà tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òrùka ò sí níbẹ̀. Inú ilé ni kẹ́ ẹ wò."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó. Màmá yíjú sí ìyàwó. "Ọwọ́ ta ló tún ń dé ibi òrùka mi nínú ilé yìí?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. "Màmá, èmi?"

Màmá kẹ́yìn sí i, ó ń ká aṣọ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tọkọtìyàwó ti kó jáde.

Nígbà tí Baba Oníréédíò gbọ́, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Ó ki íapíìsì sí etí, ó wo ẹ̀rọ.

"Ta ló pa ohùn àárín?"

"Ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù, Baba."

Baba ò bá a jà. Ó ṣí ohùn náà, ó mú un rọlẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ méjì ló fi hú etí agolo. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, nítòsí ẹ̀rọ omi, òrùka bá iyẹ̀pẹ̀ jáde.

Ẹkún ni Màmá sun, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ó gbé òrùka náà lọ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un. Ìyẹn fà á dìde. "Màmá, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn nínú ilé yẹn mọ́." Kò gba òrùka náà.

Màmá padà délé, ó fi òrùka sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀. "Gbà. Ọjọ́ tí ìyàwó ọmọ mi bá bímọ ni mo ti fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo sọ pé kò sí, ìwọ ni kó o máa tọ́jú rẹ̀." Ó ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Baba ti gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Mo-Ti-Mọ̀ ṣì ń kun ilé, òrùka náà wà lápò rẹ̀. Ní báyìí, bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, yóò dúró títí onítọ̀hún yóò fi sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wù ú jù láti gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dé ibí, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ó ń rẹ èmi náà. Ṣùgbọ́n rírẹ̀ kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó jẹ́ kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ parí. Ohun tó bá ń dà wá láàmú létí, ká mú un rọlẹ̀, ká má pa á, torí a ò mọ èyí tí wúrà yóò gbà sọ̀rọ̀. Bí a kò bá sì tíì gbọ́ gbogbo ohùn tán, ká má ṣe fẹnu wa sọ pé nǹkan ò sí, torí ẹlòmíràn ni yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé.