Àpótí Ẹja tí Shuaib Kàn

Shuaib onígíláàsì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í gbàmọ̀ràn. Lójú tirẹ̀, ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ bá dé ni ìmọ̀ parí sí. Fèrèsé tó ti ṣe láti Dopemu dé Ìkẹjà kò lóǹkà, ìyìn tó sì ń gbà ti kún un létí débi pé ohùn ẹlòmíràn kò ráyè wọlé.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ṣe fèrèsé nílé olówó kan ní Omole, ó sì rí àpótí gíláàsì ńlá tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Kùdírátù ìyàwó rẹ̀, onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dopemu, ló sọ sí i lọ́kàn. Bí irú nǹkan yìí bá wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà á máa rí nǹkan wò. Èyí tí wọ́n ń tà kọjá agbára rẹ̀, ló bá ní òun á fọwọ́ ara òun kàn án. Ó ṣa àjẹkù gíláàsì fèrèsé jọ, ó fi gọ́ọ̀mù fèrèsé lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àpótí náà gùn tó àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀. Ká sòótọ́, ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Bàbá Làsísì, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, yà wò ó, ó sì fìka kan gíláàsì náà.

"Shuaib, eléyìí ti fẹ́lẹ́ jù. Wá èyí tó nípọn, kó o sì pọnmi sí i níta fún ọ̀sẹ̀ kan ná."

"Ẹ̀yin náà, ọ̀gá. Gíláàsì tó ń gba ìjì dúró, ṣé omi lásán ni ò ní lè gbà dúró?"

"Ìjì á ti gíláàsì, á sì kọjá lọ. Omi kì í kọjá o. Tọ̀sán-tòru ló ń tì í."

Shuaib rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ nìkan ni Shuaib ń kà. Lọ́jọ́ kejì ló gbé àpótí náà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó pọnmi kún un, ó da ẹja sí i.

Kò pẹ́ tí Kùdírátù fi rí omi ní igun rẹ̀, ó sì pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fàúsát, nǹkan yìí ń jò o."

"Ó kàn ń làágùn ni."

Shuaib fi àkísà nù ún, ó tún fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n Shuaib kò pe èyí ní ìrókò.

Lọ́jọ́ kẹta, Kùdírátù ń dirun fún oníbàárà kan, Adébísọ́lá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Gíláàsì dún, ó là, ó sì ya lu ọmọbìnrin náà. Kùdírátù na ọwọ́ ọ̀tún láti bo orí oníbàárà náà, gíláàsì sì gé ọwọ́ náà dé eegun. Nígbà tí Shuaib sáré dé, omi pupa ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n rán ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n iṣan ti gé. Àtàǹpàkò Kùdírátù àti ìka tó tẹ̀ lé e kò ká mọ́. Àwọn oníbàárà wá kí i, wọ́n bá a sunkún, wọ́n sì lọ dirun níbòmíràn. Ṣọ́ọ̀bù di ti ẹlòmíràn.

Kùdírátù kò bú ọkọ rẹ̀ rí, ìyẹn ló sì dun Shuaib jù. Láràárọ̀, òun ló ń yarun fún ìyàwó rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ líle di í. Dídì náà kì í gún.

"Ó ti dáa bẹ́ẹ̀," ni Kùdírátù máa ń wí, Shuaib á sì bá a wé ìborùn bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fi ọ̀rọ̀ Shuaib kọ́gbọ́n. Àìlówó kọ́ ló ṣe é níbi, ìmọ̀ràn tí wọn kò gbowó rẹ̀ ló kọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kan kò tíì mọ gbogbo iṣẹ́, ìfẹ́ aláìgbọràn a sì máa ṣe ẹni tá a fẹ́ léṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.