Ẹlẹ́rìí Kan Ṣoṣo

"Ọkùnrin tó yìnbọn pa ọkọ mi nìyẹn!" Ọ̀jọ̀gbọ́n nàka sí olùjẹ́jọ́ nínú kóòtù ní Cali, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Zúñiga, lọ́yà olùjẹ́jọ́, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀, rọra dìde. "Ẹ má bínú, mà. Ta ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣèwádìí nípa ọpọlọ ènìyàn, tó fi hàn pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í dá ojú ènìyàn mọ̀ dáadáa?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ojú mi báyìí ló ṣe, Zúñiga!"

"Bí gbogbo àwọn tó ṣi ènìyàn mú nínú ìwádìí yín ṣe búra nìyẹn, mà."



Adájọ́ dá ọkùnrin náà sílẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń kọjá lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n létí pé: "Màmá, ojú yín ṣì ń ríran dáadáa o."