Orúkọ Ta Ni Kó Ṣáájú?

Ẹ múra ègbè o! Àlọ́ tèmi já sódò, ó ta sí ìlú Ewúrẹ́, ó ta sí ìlú Àgùntàn.

Ìlú méjèèjì ti yan ara wọn lódì tipẹ́. Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Odídẹrẹ́ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Lékeléke bá ti òkè òkun wá kọ ìwé ìtàn kan ṣoṣo tí ọmọ ìlú méjèèjì yóò jọ máa kà, kí ọ̀tá lè dọ̀rẹ́.

Ìwé parí. Ewúrẹ́ àti Àgùntàn wá gbà á létí odò, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ó ku orúkọ tí yóò ṣáájú lára ìwé.

Odídẹrẹ́ ní:
“Èmi ni mo sọ ọ́, orúkọ mi ni kó ṣáájú!”
Ègbè: Ó tó, ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tó!

Lékeléke ní:
“Èmi ni mo kọ ọ́, orúkọ mi ni kó ṣáájú!”
Ègbè: Ó tó, ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tó!

Ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Ewúrẹ́ sáré di Odídẹrẹ́ mú, Àgùntàn di Lékeléke mú.

Ewúrẹ́ pariwo pé: “Àgùntàn, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí tìẹ bọ́ o!”

“Mo ti dì í mú. Ìwọ náà rọra, ìyẹ́ ti bò ọ́ lójú!”

Kí wọ́n tó rántí pé ọ̀tá ni wọ́n, ẹ̀rín ti pa wọ́n.

Ewúrẹ́ àti Àgùntàn ti jọ ń jẹko báyìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n la ṣì ń bẹ̀.