Ègé Kẹta

"Àbúrò yín ṣì wà lórí tábìlì o! Ṣé kí n gé ọmú náà ni?" Oníṣẹ́ abẹ ló ń pariwo lórí fóònù.

Dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwòrán ẹran ọmú náà tí ẹ̀rọ tuntun yà mọ́ tónítóní.

"Kò sí jẹjẹrẹ. Ẹ rán ojú ọgbẹ́ náà padà!"

Ìyá wọn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́kún ayọ̀, ó sì sáré jáde.

Dókítà yọ gíláàsì tí wọ́n lẹ ẹran àbúrò rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Ègé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Méjì péré ni ẹ̀rọ yà láwòrán. Ó sáré gbé gíláàsì náà sábẹ́ maikirosíkóòpù àtijọ́. Jẹjẹrẹ kún ìkẹta fọ́fọ́.

Ó gbá fóònù mú. "Ẹ má rán an mọ́. Ẹ gé e."

Ìyá yọjú wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti pe ọkọ rẹ̀. Ó ń jó lójú títì!"